A Kì í Fi Ojú Olójú Ṣòwò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé mẹ́wàá yọ, tí ẹ sì ń gbára dì nísinsìnyí fún ìdánwò kẹ́místírì onípò gíga, ìbáà jẹ́ A-Level ti Cambridge, ìbáà jẹ́ IJMB tí Yunifásítì Àmọ́dù Béllò tí ó wà ní Zaria ń ṣe kòkárí rẹ̀, kò sí ní ọkàn mi láti kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni ní àsìkò yìí, nítorí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ a máa fẹ́ kí ọwọ́ òun sinmi, kí ahọ́n òun náà sì sinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí láìpẹ́ yìí sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní í dárúkọ, pé kí n wá fi ojú àgbà wo láàbù àwọn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé bí mo bá pa ẹnu mọ́, èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n wà lọ́jà tí orí ọmọ tuntun fi wọ́.

Olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, pín omi kan fún àwọn ọmọ láti yẹ̀ wò, inú ìgò kan tí ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ ni ó sì ti bu iyọ̀ tí ó fi pò ó. Irin (II) sọ́lféètì ni wọ́n kọ sí ara ìgò náà, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lóòótọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé irin (II) kì í bá afẹ́fẹ́ gbé pẹ́ kí ó má yí padà di irin (III), pàápàá ní ilẹ̀ wa níbí tí ooru ń mú, tí ìdérí ìgò kì í sì í fún dáadáa. Nígbà tí àwọn ọmọ da omi kọ́sítíìkì sí i, èmi tí mo dúró lẹ́yìn wọn rí i pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó sọ̀kalẹ̀ sí ìdí túùbù pupa bí irin tí ó dógùn-ún, kò sí àwọ̀ ewé kankan lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì ká, mo ń wo ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé tí ó dọ̀tí ni wọ́n ń kọ! Olùkọ́ ti sọ orúkọ iyọ̀ náà fún wọn kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì ti há àtẹ àwọn àwọ̀ sórí láti ilé wá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ ọ́ pé pupa ni òun rí. Òdo ni olùkọ́ fún un.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, n bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà dìde níwájú àwọn òbí, ó ń fi olùkọ́ yìí yangàn pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi wákàtí kan ṣe tán, àtẹ́wọ́ sì ń ró wàà. Mo pe olùkọ́ náà sí kọ̀rọ̀, mo bi í ní ìdí tí ó fi fìyà jẹ ojú tí ó ríran. Ó rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá,” ni ó wí, “máàkì ni a ń wá.”

Máàkì! Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá máàkì náà lọ sí ibi tí ó gbé wà.

N kò wá kọ́ yín bí a ti ń fi omi tí a fẹ́ lò ṣan búrẹ́ẹ̀tì, tàbí bí a ti ń yọ àrọ kúrò ní ẹnu rẹ̀ kí a tó kà á, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í fẹnu kan ìṣirò móòlù, nítorí ẹni tí ìwọ̀nyí kò bá tíì yé kò tíì ṣe tán láti gbọ́ mi. Ohun kan ni mo ní láti sọ, n ó sì máa padà sí i títí yóò fi sú yín. Òpó mẹ́ta ni ó wà nínú àtẹ tí a fi ń kọ àyẹ̀wò sílẹ̀: ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, ohun tí ó fi hàn. Òpó àárín ni mo ń bá yín sọ. Òun ni ẹ ti sọ di ọmọ òrukàn láàrin àwọn méjì tó kù, tí ẹ ń ti orí ohun tí ẹ ṣe fò lọ sórí ohun tí ẹ gbọ́ pé ó jẹ́, tí ẹ sì ń padà wá kọ ohun tí ojú kò rí sí àárín kí àyè má bàa ṣófo.

Ohun tí ó fà á ni pé ẹ ń da omi, ẹ kò kán an. Ìwé ìdánwò á ní kí o kán kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Ẹ̀yin á ka gbólóhùn méjèèjì bí ọ̀kan. Ẹ mú iyọ̀ síńkì. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta á mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun jáde. Bí o bá tẹ̀ síwájú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà á yọ́, omi á tún mọ́ gaara. Ẹni tí ó bá da ìdajì túùbù sí i lẹ́ẹ̀kan á kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti gba ọ̀nà sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bá a. Álúmíníọ̀mù ń ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Amóníà ni a fi ń ya síńkì sọ́tọ̀, nítorí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti síńkì nìkan ni ó ń yọ́ nínú àpọ̀jù rẹ̀, pọtásíọ̀mù áyódáìdì sì ni yóò tú lẹ́ẹ̀dì fó, tí yóò sọ ọ́ di àwọ̀ iyeyè. Máńgánéèsì (II) tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ: funfun tí kò mọ́ tán ni ó kọ́kọ́ ń mú jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń bà á lójú jẹ́, tí yóò pọ́n tí yóò sì ṣú, ẹni tí ó bá yíjú lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti pàdánù máàkì àkọ́kọ́. Irin (II) gan-an, èyí tí kò tíì bàjẹ́, àwọ̀ ewé ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa pọ́n láti òkè wá, níbi tí ó ti fara kan afẹ́fẹ́, nítorí náà ohun méjì ni ó yẹ kí ó wà ní òpó àárín níbẹ̀, èyí tí a rí lójú ẹsẹ̀ àti èyí tí a rí nígbà tí a gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kán an, dúró, wò ó, kọ ọ́, kí o tó kán òmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣe HSC, ìdánwò onípò gíga ti ìgbà tiwa, tán, tí owó yunifásítì kò tíì sí, mo sin ọ̀gá kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ nínú láàbù, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà Òṣèré onílé obì, ọmọ Ọbọkún, tí ó ga fíofío, tí kì í pariwo, síbẹ̀ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ẹni tí ń lo pàṣán lọ. Túùbù ni mo ń fọ̀ ṣáá, omi òjò ni mo sì ń gbè sínú àgbá, títí ó fi gbà mí láyè láti dúró tì í. Bí àwọn ọmọ HSC tuntun bá wọlé, yóò gba ìwé láàbù lọ́wọ́ wọn, yóò mú abẹ, yóò sì gé òpó kẹta kúrò lára gbogbo ojú ewé tí wọn yóò lò ní sáà àkọ́kọ́. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ nǹkan sí mọ́. Lẹ́tà A, B, D ni ó ń kọ sí ara ìgò, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀bẹ̀ tàbí obì gba orúkọ ohun tí ó wà nínú wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ọlọ́pọlọ pípé, gbé túùbù sókè sí i. “Kọ́pà ni, sà.” Ọ̀gá wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. “N kò bi ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀. Kí ni o rí?” Ọmọ náà ní àwọ̀ aró ni. “Láti ìgbà wo ni ó ti jẹ́ aró?” Ọmọ dákẹ́, nítorí pé amóníà rẹpẹtẹ ni ó dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣáájú ti lọ kí ó tó bojú wò ó. Ọ̀gá da túùbù náà nù, ó sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè, kò sì sí ẹni tí ń gé òpó kẹta kúrò nínú ìwé mọ́. Ìwé tí a tẹ̀ tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀ ni a ń rà fún ọmọ báyìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ túùbù nìkan ni. Ẹ̀kán kan láti ẹnu búrẹ́ẹ̀tì tó nǹkan bí 0.05 cm³, iye yìí gan-an sì ni Cambridge ní kí ẹ máa ka búrẹ́ẹ̀tì dé. Ẹni tí ó bá kọ 24.3, tí kò fi òdo tì í lẹ́yìn, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún olùdánwò pé òun kò ka ẹ̀kán tí ó kẹ́yìn. Ẹ wo pọtásíọ̀mù pẹ́rímáńgánéètì tí a ń kán sínú ọ́ksáléètì tí a ti fi ásíìdì sí, tí a sì mú gbóná dé nǹkan bí 60°C. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ á kọ̀, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ kò ní í fẹ́ lọ. Aláìnísùúrù á rò pé òun ti dé òpin, tàbí kí inú bí i kí ó tú búrẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣàà. Bẹ́ẹ̀ máńgánéèsì (II) tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń bí ni ó ń mú iṣẹ́ náà yá. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ti lọ, àwọn tí ó tẹ̀lé e kò ní í dúró. Ọmọ tí ó bá ti dúró ti ẹ̀kán yẹn rí kò nílò láti há àlàyé rẹ̀ sórí. Ti áyódíìnì àti taiosọ́lféètì náà ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá di ti koríko gbígbẹ kí ẹ tó fi sítáàṣì sí i, nítorí bí áyódíìnì bá ṣì pọ̀, sítáàṣì á dì í mú, kò sì ní í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ kékeré rò pé àwa kò mọ̀. Olùdánwò kò sí níbẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ po omi, nítorí náà iye tí olùkọ́ ibẹ̀ rí ni ó fi ń díwọ̀n ti ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yọ́ iye náà sọ sí ọmọ létí. Kíláàsì odindi á wá rí 24.30, 24.30, 24.30, títí kan ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tí a ń pè ní ráàfù, èyí tí ó yẹ kí ó kọjá àyè díẹ̀! Ojú olùmáàkì kò fọ́ tó bẹ́ẹ̀. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè.

Ẹ wá wo èrè ẹni tí ó kọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ ti ka ágọ́ọ̀nù nínú ìwé yín. Lord Rayleigh, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, wọn náítírójìn tí ó mú jáde láti inú afẹ́fẹ́, lítà kan rẹ̀ tó gíráàmù 1.257, ó wọn èyí tí ó mú jáde láti inú kẹ́míkà, ó fi díẹ̀ lé ní 1.250. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ wa òde òní ìbá pa méjèèjì pọ̀, ìbá pín in sí méjì, ìbá sì lọ jẹun. Rayleigh kọ wọ́n sílẹ̀ bí ó ti rí wọn, ó sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nature ní 1892 pé ọ̀rọ̀ náà rú òun lójú. Òun àti William Ramsay tọpa rẹ̀ títí tí wọ́n fi kéde gáàsì tuntun kan ní 1894. Ní 1904 àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel, ọ̀kan ti físíìsì, èkejì ti kẹ́místírì. Òpó àárín ni ó bí ágọ́ọ̀nù.

Nítorí náà, bí ohun tí o rí bá ta ko ohun tí o mọ̀, kọ ohun tí o rí, kí o sì jẹ́ kí òpó kẹta tẹ̀ lé e: bí ó bá pupa, irin (III) ni kí o kọ, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí ara ìgò. Ẹ̀yin olùkọ́ kékeré, ẹ da iyọ̀ irin (II) tí ó ti pupa nù. Bí kò bá sí owó láti ra tuntun, ẹ kó ìṣó dúdú tí kò dógùn-ún sínú sọ́lfúríìkì ásíìdì tí ẹ ti fi omi là, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ sẹ́ omi aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá jáde, kí ẹ sì lò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí ìṣó díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi sẹ́ ẹ, nítorí irin tí ó ṣẹ́kù náà ni kò ní í jẹ́ kí ó yí padà. Ẹ sì gbé e jìnnà sí iná, háídrójìn ni ó ń hó jáde níbẹ̀.