Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù Epo Ńlá, Ẹ Kọ́kọ́ Wọn Prẹ́ṣọ̀

ÌBÉÈRÈ: Toyota Camry 1994 ni mò ń lò, ẹ́ńjìnnì 2.2. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kì í tètè jí láàárọ̀. Mo máa ń ta á lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kó tó dáhùn. Bí mo bá gbé èrò àti ẹrù gun òkè Mọ́kọ́lá, ṣe ló máa ń jáákì, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè lé mi lórí. Mẹkáníìkì mi ní pọ́ǹpù epo ló ti rẹ̀, pé kí n kúkú ra èyí tó tóbi, irú tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò. Owó rẹ̀ kò kéré rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?
Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ má tíì rà á. Ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì yín tọ̀nà, nítorí pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ máa ń ṣe ọkọ̀ báyìí lóòótọ́. Àmọ́ fílítà tó dí, wáyà tó ti gbó, àti rẹgulétọ̀ tó ti bàjẹ́ náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má fi ojú lásán dá ẹjọ́ náà. Gééjì tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ epo ni kí ẹ fi dá a.

Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni kó máa ti epo láti inú táńkì wá síwájú. Rẹgulétọ̀ ló ń dí ọ̀nà fún epo náà tó fi ń ní prẹ́ṣọ̀. Ẹ wo rọ́bà tí ẹ fi ń fọ ọkọ̀: omi á kàn máa dà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, á ta jìnnà. Pọ́ǹpù yòówù kí ẹ rà, kò lè ṣe iṣẹ́ àtàǹpàkò.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti wọn prẹ́ṣọ̀ náà. Kí sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí apaná wà nítòsí. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yọ wáyà pọ́ǹpù, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo inú páìpù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó tú orí bátìrì, kó fi àkísà bo ibi tó fẹ́ tú lára páìpù, nítorí epo tó ṣẹ́kù ṣì lè ta sí i lójú. Bó bá ti so gééjì mọ́ ọn tán, kó dá wáyà pọ́ǹpù àti orí bátìrì padà. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí lórí. Kó fi wáyà so +B àti FP inú rẹ̀ pọ̀, kó ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìta ọkọ̀. Ẹ ó gbọ́ pọ́ǹpù tí yóò máa kùn lẹ́yìn.

Ó yẹ kí gééjì wà láàárín 38 sí 44 psi. Kó wá yọ wáyà tó fi so wọ́n, kó ta ẹ́ńjìnnì láìtẹ tọ́tù: ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sí 31 sí 37, nítorí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ láti orí rẹgulétọ̀ nípasẹ̀ rọ́bà tín-ín-rín kan. Bó bá yọ rọ́bà náà, tó sì dí ẹnu rẹ̀, nọ́ḿbà gbọ́dọ̀ gòkè padà. Kó gbóòórùn rọ́bà yẹn pẹ̀lú. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, awọ inú rẹgulétọ̀ ti ya nìyẹn. Ẹ wá pa ọkọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kò gbọdọ̀ kéré sí 21 psi. Bó bá já wálẹ̀ wàrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ tètè jí: epo ti sá padà sínú táńkì, tàbí kó máa kán láti ẹnu nọ́súùlù.

Bí nọ́ḿbà bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, kó rọra fún rọ́bà tó ń dá epo padà sí táńkì pa, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí ọwọ́ gééjì bá fò sókè, pọ́ǹpù ṣì lágbára; rẹgulétọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá mira, ẹ wo fílítà, kí ẹ sì wo asẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù.

Ọkọ̀ tó dára níbi tó dúró lè daṣẹ́ sílẹ̀ lórí òkè. Kí mẹkáníìkì lo gééjì tí rọ́bà rẹ̀ gùn, kó dè é mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta, kó má gbé e wọnú ọkọ̀ láéláé, kó wá wà á gun Mọ́kọ́lá yín. Bí nọ́ḿbà bá ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ tọ́tù, epo kò tó. Bó bá dúró digbí, tí ọkọ̀ sì ń jáákì síbẹ̀, ẹ kúrò nídìí epo, ẹ lọ yẹ plọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, nítorí náà ẹ pe rẹwáyà wá pẹ̀lú. Kó wọn iná tó ń dé ìdí pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá ní fóòtì 14, tí 10 péré dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, wáyà, rílé tàbí ẹ́ẹ̀tì ló jẹ ìyókù. Pọ́ǹpù tuntun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ á máa ṣe bí arúgbó.

Ní ti pọ́ǹpù ńlá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Agbára ẹ́ńjìnnì yín tó nǹkan bí ẹṣin 130. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù kanlẹ̀ fún odidi wákàtí kan, epo tó lè jó kò fi bẹ́ẹ̀ ju lítà 40 lọ. Irú pọ́ǹpù tí wọ́n sábà ń tà fún eré ìje ń gbé nǹkan bíi lítà 255 láàárín wákàtí kan. Níbo ni ìyókù ń lọ? Yóò kàn máa yí padà sínú táńkì ni, yóò máa gbóná. Bí páìpù ìpadà kò bá gbà á, prẹ́ṣọ̀ á ga jù, ọkọ̀ á máa mu epo, á máa yọ èéfín dúdú. Pọ́ǹpù náà tún máa ń fa iná ju ti tẹ́lẹ̀, wáyà tó ti gbó á sì máa gbóná. Ẹni tó bá de tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló nílò rẹ̀.

Ẹni tó ń lo Peugeot 504 oníkábúrétọ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù yín lọ. Psi díẹ̀ ni kábúrétọ̀ ń fẹ́. Bí ẹ bá gbé pọ́ǹpù ọkọ̀ onínọ́súùlù sí i, epo á kún àkúnya lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná sì lè ṣẹ́ yọ.

Bó bá wá hàn pé pọ́ǹpù yín ló rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ra tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu. Ẹ má ra tòkunbọ̀, nítorí ẹ kò mọ iye ọdún tó ti lò. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ àti fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún inú táńkì ni kí wọ́n lò níbẹ̀. Epo máa ń jẹ rọ́bà lásán.

Lẹ́yìn náà, ẹ má máa wa ọkọ̀ nígbà tí iná tó ń sọ pé epo fẹ́ tán bá ti tàn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo ní díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo inú táńkì ló ń mú ara pọ́ǹpù tutù. Ẹ gbìyànjú kó má dín sí ìdámẹ́rin táńkì.

Kí mẹkáníìkì kọ àwọn nọ́ḿbà náà sórí ìwé fún yín: kí ẹ tó ta ọkọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ta á, lórí òkè, àti ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí ẹ pa á. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi bí wọn kò bá yé yín. Ọkọ̀ kò ní dá wa dúró lọ́nà o.