Bí Ẹ Bá Ń ti Akpassi Lọ Ra Aṣọ ní Tokpa

Ẹ má wọ Tokpa, ìyẹn ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó kúrò ní Akpassi láàárọ̀, tó gba Sàvàlú, Ìdáàṣà àti Bohicon, oòrùn á ti mú kó tó dé Kútọnu. Ara á ti rẹ̀ ẹ́, kò sì ní lẹ́nu láti nájà. Ẹ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ará ilé kan, kí ẹ sì dé ọjà nígbà tí àwọn aláṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Oníbàárà àkọ́kọ́ kì í ṣòro bá ṣe àdéhùn.

Ẹ̀wù yẹ́lò ni ẹ ó fi dá àwọn zémìjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, mọ̀. Ẹ ná owó ọ̀kadà kí ẹ tó gùn ún. Bí ẹ bá kàn ní “Dantokpa”, ibi tó bá wu ọlọ́kadà ló máa já yín sí, nítorí ọjà náà tó nǹkan bí 20 hẹ́kítà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àárín ọjà ni kí ẹ dárúkọ. Ní èdè Fọ̀n, etí odò Dan ni Dantokpa. Dan yìí ni àwa ń pè ní Òṣùmàrè.

Inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni aṣọ wà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí owó tó tán níbòmíràn. Ọ̀pá méjì ni wọ́n ń pè ní pagne kan. Mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá mẹ́fà, á tó obìnrin kan dá ìró àti bùbá. Ẹ tú etí aṣọ wò: Vlisco, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond nílẹ̀ Netherlands ní 1846, máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ nìkan ò tó o, àwọn ayédèrú náà mọ̀wé kọ. Ẹ yí aṣọ padà. Wax (àǹkárá) gidi, bí ojú rẹ̀ ṣe rí lẹ̀yìn rẹ̀ rí. Èyí tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá, ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ìlà tín-ín-rín bí iṣan ewé tó sá káàkiri àwọ̀ náà. Ibi tí ìda ti sán ni aró gbà wọlé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá méjì jọra délẹ̀.

Bí aláṣọ ò bá gbọ́ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, ẹ bi í ní èdè Fọ̀n pé “Nabí?”, ó ti mọ̀ pé iye owó lẹ ń béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá ṣá, pàápàá àwọn tó ti Kétu àti Àjàṣẹ́ wá. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì máa ń dà bí ìjà níbẹ̀.

Ẹ óò rí gààrí Sàvàlú lórí igbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á, ilé rẹ̀ lẹ ti ń bọ̀.

Ìhà àríwá ọjà ni àwọn tó ń ta orí ẹranko àti ọ̀gà gbígbẹ fún ètùtù wà. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìjọba ti ń ṣètò láti kó ọjà yìí kúrò létí ọ̀sà, wọ́n sì ti kọ́ tuntun sí Akassato fún àwọn tó ń tà lódidi. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ẹni tó ń gbé Kútọnu, kí ó bá yín wádìí ibi tí àwọn aláṣọ ń tà báyìí.