Gbèsè àti Ipò Ìfọkàntán

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kan ọ̀pọ̀ nínú yín. Láti àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran, Ọ̀gbà àti Agége, púpọ̀ nínú yín ló ń wá iṣẹ́ ìjọba: ní Aláùsá, ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ní Kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi owó ìlú tàbí àṣírí ìjọba síkàáwọ́ ẹni, wọ́n gbọ́dọ̀ lè fọkàn tán onítọ̀hún. Ǹjẹ́ gbèsè lè ba ìfọkàntán náà jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gbèsè.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ
Ìwé Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ka gbèsè tó bá wọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn mọ́ ìwà àìtọ́ tó burú, èyí tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Nínú àtòjọ kan náà ni rìbá àti títú àṣírí ìjọba wà.

Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Code of Conduct Bureau nígbà tó bá gba ipò, àti ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ lè pàdánù ipò rẹ̀, kí wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀ kúrò nínú ipò ìjọba títí dé ọdún 10. Òfin yìí kò tilẹ̀ gba gómìnà tàbí mínísítà láàyè láti yáwó lọ́wọ́ aládàáni; àfi lọ́wọ́ ìjọba, báǹkì àti ilé ayánilówó tí òfin mọ̀.

KÍ NI ÌDÍ RẸ̀?
Ìdí ni pé okùn ajigbèsè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè wọ Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, lọ́rùn nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1985, ó ta orúkọ àwọn tó ń ṣe amí fún Amẹ́ríkà fún ìjọba Soviet Union. Wọ́n pa lára àwọn tó dárúkọ. Ọdún 1994 ni ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀, ìlànà tí Amẹ́ríkà ń lò láti 2017 kò sọ pé kí wọ́n lé gbogbo ajigbèsè padà. Ohun tó fa gbèsè náà ni wọ́n ń wò, bóyá àìsàn ni tàbí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, àti bóyá onítọ̀hún ń gbìyànjú láti san án.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa tọrọ ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ gbèsè lórí ìrun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, àlàyé rẹ̀ ni pé gbèsè a máa sọ ènìyàn di onírọ́ àti ayẹ̀àdéhùn. Irọ́ yìí gan-an ni òfin ń sá fún.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE
1. Ẹ kọ gbogbo gbèsè yín sílẹ̀: àjọ tí ẹ ti kó tí ẹ kò tíì dá tán, ọjà àwìn, owó alájẹṣẹ́kù, owó tí ẹ yá lórí fóònù. Suratul-Baqarah, ẹsẹ 282, pa á láṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀.
2. Ẹ lọ bá olówó kó tó wá bá yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àsìkò, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.
3. Ẹ má yá owó san gbèsè. Ẹ má sì ṣe onídùúró fún gbèsè tí ẹ kò lè san.
4. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òtítọ́. Láti 2014 ni BVN ti so àkáǹtì ẹni pọ̀ ní gbogbo báǹkì. Gbèsè báǹkì kò ṣe é fi pamọ́ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
Èwo ló ń ba orúkọ jẹ́ jù: kí a jẹ gbèsè ni, àbí kí a fi í pamọ́?

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa san gbèsè ọrùn wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a ta àmánà. Àmín.