Skáànù 3D àti Ọpọlọ Ọmọ Inú: Ohun Tó Yẹ Kí Aláboyún Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìlú Ọba Mọ̀

Skáànù 3D méjì ni aláboyún lè bá pàdé ní Ìlú Ọba. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, níbi tí wọ́n ti ń gbowó ya ojú ọmọ fún ìdílé tó fẹ́ mọ imú ta ni ó gbé bọ̀. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ pa ti ilé ìwòsàn tì. Èkejì wà lọ́wọ́ dókítà ọmọ inú ní ilé ìwòsàn ńlá, ọpọlọ ni wọ́n sì ń fi í wò.

Skáànù lásán, dúdú òun funfun, ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kọ́kọ́ ń ṣe: ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, èkejì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tó ti san owó ìlera mọ́ owó físà kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n ń wọn orí àti ihò tí omi wà nínú ọpọlọ. Bí ìbú ihò náà bá tó mílímítà 10, wọn yóò kọ ìwé sí dókítà ọmọ inú. Kí àyà má já: ọ̀pọ̀ ọmọ tí ihò yìí kàn fẹ̀ díẹ̀, láìsí àléébù mìíràn, ló ń dàgbà dáadáa.

Bí ọmọ bá ṣe sùn ni skáànù lásán ń rí i, ó sì ṣòro kó rí àárín orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹ̀rọ 3D a máa kó àwòrán pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ jọ bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé, dókítà á sì tún un gé láti ibi tó bá wù ú, kódà lẹ́yìn tí ìyá ti lọ sílé. Àárín yẹn ni corpus callosum wà, ìdì fọ́nrán tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ apá òsì. Kì í sábà hàn tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20.

Bí ọmọ bá dorí kodò, dókítà lè fẹ́ ti ẹ̀rọ gba ojú ara, kí ìró rẹ̀ lè gba àwùjẹ̀ tí eegun kò tíì dí wọ inú orí. Kì í pa oyún lára, wọn kì í sì í ṣe é láìgba àṣẹ ìyá. Ó lè ní obìnrin ni kó ṣe é fún òun. Ògbufọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́; kò yẹ kí ọkọ tàbí ọmọ máa túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Bí nǹkan kan bá ṣì rú dókítà lójú, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ló kàn. Ìrísí ọpọlọ ni gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí ń fi hàn. Bí ọmọ yóò ṣe gbọ́n sí kì í hàn nínú àwòrán.