Àkànní, Jùjú Ò Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Obey

Àkànní, wá jókòó síbí. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo rí orin tó o tò jọ fún ìgbéyàwó ẹ, o kú iṣẹ́. Àmọ́ kí lo kọ sórí ẹ̀ yẹn? "Jùjú láti ìbẹ̀rẹ̀." Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Obey, Sunny Adé, Obey, Sunny Adé, Shina Peters. Ìwọ tí gbogbo wa dáwó rán lọ sí yunifásítì!

Mi ò bú Obey o. Ẹni tó bá bú Obey níṣojú mi, yóò gbọ́ tẹnu mi. Ṣùgbọ́n kí òun náà tó ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, abẹ́ ta ló wà? Abẹ́ Fatai Rolling Dollar ni, bàbá onígìtá tó ni African Rhythm Brothers. O rò pé "Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà Wa" nìkan ni bàbá yẹn kọ láyé ẹ̀, torí òun lò ń gbọ́ lórí rédíò nígbà tó o wà lọ́mọdé. Bàbá ti darúgbó kó tó kọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀, àfìgbà táwọn Jazzhole, àwọn tó ń ta ìwé àti rẹ́kọ́ọ̀dù ní Ìkòyí, mú un padà wọ sítúdíò. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà tó kú ní 2013. Ìyẹn ṣì rí ẹni fà á jáde.

Tunde King, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ jùjú, gan-an ló ń dùn mí. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé o ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ní Olówógbowó ní Èkó, láàárín àwọn Sàró, àwọn tí ìdílé wọn ti Sierra Leone padà wá, ni wọ́n bí i sí ní 1910. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe; tó bá dìrọ̀lẹ́, á gbé gìtá-bánjò ẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n: òun, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ oníṣaworo tí wọ́n ń pè ní jùjú. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí gángan. Nínú pálọ̀ àwọn èèyàn ńlá Èkó ni wọ́n ti ń ṣeré, wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, kí àwọn tó ń mu ọtí lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ lọ. Ní 1936, Parlophone gba ohùn ẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó kọrin nípa Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà tó ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan nígbà yẹn, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ó ti tán. Ìwọ tó o máa ń ráhùn pé jùjú ti gùn jù, ṣé o ti rí i báyìí?

Ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀gá wá bá ọkọ̀ ojú omi lọ. 1939 ni. Ó padà wálé ní 1941, wọ́n fojú gán-án-ní ẹ̀, ló bá tún pòórá, ó di ọdún mẹ́tàlá. Níbo ló wà? Ó ń ta gìtá fún àwọn atukọ̀ ní èbúté àwọn Faransé, ní Dakar, ní Conakry. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ò gbélé. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ akọ̀wé gbé orin ró, tó wá dé ibi tí gìtá nìkan ti lè bọ́ ọ, kí lo fẹ́ kó padà wá ṣe?

Ó padà dé ní 1954. Èkó tó bá kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀. Akanbi Wright ti mú gángan wọnú jùjú láti 1948. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ayinde Bakare, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ King fúnra ẹ̀ rí, ti so iná mọ́ gìtá. Ariwo ti gba òde. Orin pálọ̀ wo lo tún fẹ́ wá kọ fún àwọn tó ti mọ ijó gángan? Wọ́n kí i kú àbọ̀, wọ́n ń bá ijó wọn lọ. Ó máa ń bí mi nínú ju kí wọ́n jí i lówó lọ.

 

Ṣùgbọ́n o ò ní í ti ibí kúrò kí n tó sọ ti Ọládùnní. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, ẹni tó fi irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣọ́ yẹn, òun ló ní kò sóbìnrin tó ta gìtá nínú jùjú àtijọ́? Queen Oladunni Decency ńkọ́? Òun ló ni ẹgbẹ́, Unity Orchestra, òun ló ń kọrin, òun náà ló gbé gìtá kọ́rùn, lásìkò tí Obey àti Sunny wà lójú ọpọ́n gan-an. Ní 1978 ló kú, ọ̀dọ́ ṣì ni. Ká ní ó pẹ́ láyé ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní í jẹ́ àríyànjiyàn.

Lọ bi ìyá ẹ léèrè èwo ló fẹ́ràn jù nínú orin Ọládùnní. Má sọ fún un pé èmi ni mo rán ẹ o, torí rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń wá látọjọ́ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló wà.