Àrùn Ìgbàgbé Kì Í Ṣe Àjẹ́



Bí àgbàlagbà bá ń ṣìnà bọ̀ láti mọ́sálásí, tàbí tó ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé, "Ta ni ọ́?", kíá làwọn kan máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, tàbí pé àjẹ́ ni òun fúnra rẹ̀. Àìsàn ni, ẹ̀yin ará wa. Àwọn onímọ̀ ti rí ohun tó ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ.

Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, sọ ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí àrùn ìgbàgbé bá jà títí tó fi kú: fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé purotéènì kan tó ń jẹ́ Tau wà nínú kókó náà, àti pé fọ́sífétì ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àwọn ohun tóóró bíi páìpù wà tí ẹrù sẹ́ẹ̀lì ń tọ̀ lọ tọ̀ bọ̀. Tau ni okùn tó dì wọ́n ró. Ara máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ Tau kí okùn lè dẹ̀, á sì tún ṣí i kúrò kí ó lè le. Bí lílẹ̀ bá ju ṣíṣí lọ, Tau á tú kúrò lára páìpù, á wé mọ́ra rẹ̀. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì á dàrú, á sì kú nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ yìí ti so èso. Fọ́sífétì ara Tau yìí wà lára ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ń wá. Oògùn tó ń wo àrùn náà sàn pátápátá ni kò tíì sí.

Kí ni ká ṣe? Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni Alzheimer. Àìtó fítámì B12 tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè fà á, ìwọ̀nyí sì gbóògùn. Nítorí náà, ẹ tètè gbé àgbà lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, torí wọ́n ń dá kún ewu rẹ̀.

Ẹ má nà wọ́n, ẹ má dè wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú wọn jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Òbí tó gbàgbé orúkọ wa kò mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé. Àwa tí a rántí ni ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn wa.

Kí Allāhu ṣàánú àwọn òbí wa. Àmín.