Ẹ Gbé Ọmọ Sórí Òṣùwọ̀n Kí Ẹ Tó Mú Kálàmù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin oníṣègùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìgbèríko, yálà ní Òkè-Ògùn ni o tàbí létí omi Ìlàjẹ, mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àwọn ìyá ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, dókítà kò sì tó nǹkan. Nínú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kọ ohun tó ti mọ́ ọn lára, tí ìwé ìlànà ìtọ́jú á wà nínú dúrọ́ọ̀, tí eruku á bò ó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ má fojú díwọ̀n oògùn ọmọdé.

Ẹ mú ọmọ méjì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjì, tí ibà líle ti bá wọn jà débi gìrì. Ọ̀kan wọn kílò 10, èkejì wọn kílò 14. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tó kílò 20 gba mílígíráàmù 3 abẹ́rẹ́ artesunate fún kílò kọ̀ọ̀kan: 30 ni ti àkọ́kọ́, 42 ni ti èkejì. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ ohun tó tó ọ̀kan kò tó èkejì. Ẹ tún wò ó dáadáa: mílígíráàmù 2.4 fún kílò kan ni àgbàlagbà ń gbà. Ọmọdé ló ń gbà jù! Ẹni tí kò ṣí ìwé, tó ní ọmọ yìí kéré, kí òun ṣàánú rẹ̀ kí òun dín in kù, àánú rẹ̀ ló máa jẹ́ kí ibà borí ọmọ. Bí ọmọ bá sì ti lajú, tó lè gbé nǹkan mì lẹ́yìn wákàtí 24, kò tíì tán o. Ó gbọ́dọ̀ lo ACT oníhóró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ibẹ̀ gan-an la ti ń já a sílẹ̀, tí ìyá á gbé ọmọ lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìgbẹ́ gbuuru ló ń dùn mí jù. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó di mínísítà ìlera ní 1985, wà lára àwọn tó jẹ́ kí àwọn ìyá nílẹ̀ yìí mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí a fi zinc kún un: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, Flagyl ni mo ṣì ń bá nínú fáìlì ọmọ tí kò ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Omi ló ń tán lára ọmọ. Omi ni kí ẹ dá padà.

Bí ikọ́ ni, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láti oṣù méjì sí ọdún kan, 50 sókè ni kí ẹ fura sí òtútù àyà. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40 sókè. Bí èémí kò bá yára, tí àyà kò wọnú, tí kò sì sí àmì ewu mìíràn, ọ̀fìnkìn ni, kò nílò oògùn apakòkòrò.

Mo mọ̀ pé ìyá yóò ní kí ẹ fún ọmọ òun lábẹ́rẹ́. Ó gun ọ̀kadà láti oko, ó sanwó, lójú tirẹ̀ abẹ́rẹ́ ni oògùn. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ ní, "Màmá, ẹ̀yin náà rí i bí mo ṣe ka èémí rẹ̀. Kò yára. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa, kí ẹ máa nu imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ẹ gbé e padà wá." Ọ̀pọ̀ ìyá tó rí i pé ẹ yẹ ọmọ òun wò tinútinú ni yóò gbà.

Kò sí ìwé tó mọ gbogbo ọmọ. Ìgbà kan á wà tí oògùn tí ìwé dárúkọ kò ní sí nílé oògùn, tàbí tí ohun tí ẹ rí yóò yàtọ̀. Bí ẹ bá yà kúrò lójú ọ̀nà nígbà náà, mi ò ní bá yín wí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì kí ẹni tó gbaṣẹ́ lálẹ́ lè mọ̀. Èyí tí mi ò lè gbà ni "báyìí la ṣe ń ṣe é níbí."

Ẹ̀yin ọ̀gá wọn, ọ̀rọ̀ kàn yín. Wọn ò lè tẹ̀lé ìwé tí wọn ò rí. Ẹ lẹ àtẹ ìwọ̀n oògùn mọ́ ògiri níwájú tábìlì tí wọ́n ti ń kọ oògùn, kí òṣùwọ̀n sì wà níbi tí ìyá ti ń kọ́kọ́ wọlé. Láràárọ̀, ẹ fi ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò. Bó bá bàjẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ̀wé béèrè òmíràn.